Mémórì Tí Bọ́ọ̀dù Kò Gbà Mọ́

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì yìí kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn mi, n kò sì ní okun àtimáa pariwo mọ́. Ẹ ní kí n sọ ohun tí à ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn láyé ìgbà kan. Ẹ̀yin tí ẹ bá kọ̀ǹpútà nínú àpò ṣòkòtò, ó lè ṣòro fún yín láti gbà pé àgbàlagbà ọkùnrin méjì fi iṣẹ́ mémórì bọ́ ìyàwó, tí wọ́n fi rán ọmọ níléèwé, tí àwọn èèyàn sì ń gbé ẹ̀rọ wá bá wọn láti Ìgbàrà-Òkè àti láti Oǹdó. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Ojú títì tó lọ sí Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, láàárín télọ̀ kan àti obìnrin tó ń ta òwú. Tàìpùráítà ni èmi kọ́kọ́ ń tún ṣe kí kọ̀ǹpútà tó gbòde. Ràṣídì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń ta aṣọ lọ́jà, ẹ̀yìn ìyá náà ló sì gùn wọ ìlú yìí. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ó gbọ́ èdè Àkúrẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò yé fi ẹnu mi ṣẹ̀fẹ̀. Bí mo bá ní mò ń lọ sí ulé nírọ̀lẹ́, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí wọn ní ulé. Èmi ń lọ sí ilé ní tèmi." Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Kọ̀ǹpútà ìgbà náà, àpótí páànù ńlá ni, orí tábìlì ló ń gbé, kì í rìn lọ síbì kankan. Bí o bá tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wàá rí pátákó aláwọ̀ ewé kan nínú tí gbogbo ohun yòókù so mọ́. Mọ́dàbọ́ọ̀dù ni orúkọ rẹ̀, àwa kàn ń pè é ní bọ́ọ̀dù. Lórí bọ́ọ̀dù yìí ni ojú ihò gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ wà, ibẹ̀ ni à ń ki mémórì bọ̀. Mémórì ni kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Bó bá kéré, ẹ̀rọ náà á máa wọ́ bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Oníbàárà á dé, á gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀, á ní, "Ẹ bá mi wò ó, ó ti ń lọ́ra jù." Ọ̀pọ̀ ìgbà, mémórì náà ni. A óò tú u, a óò fi òmíràn kún un, ẹni tó fajú ro wọlé á sì rẹ́rìn-ín jáde.

Ohùn àwọn ẹ̀rọ náà ni mo máa ń gbọ́ létí mi títí di òní. Bí o bá tan kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ dá, á dún lẹ́ẹ̀kan péré: kín. Bó bá jẹ́ pé mémórì kò jókòó dáadáa, tàbí bọ́ọ̀dù kọ̀ ọ́, á máa ké: pííìn, á dákẹ́ díẹ̀, pííìn, á tún dákẹ́. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku pupa bá bo gbogbo ìlú, ẹkún yẹn ni à ń fi jí. Eruku á ti wọ ojú mémórì gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní ọ́fíìsì àti níléèwé, wọ́n á sì máa gbé wọn wá ní méjì-méjì lórí ọ̀kadà, ẹni tó jókòó lẹ́yìn á gbé e sórí itan bí ọmọ. Írésà tí ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ ni à ń fi nu ojú mémórì náà títí á fi máa dán. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa á yọjú, á ní, "Àwọn ọmọ yín mà ń ké láti àárọ̀, ẹ ò ní fún wọn ní nǹkan jẹ ni?"

Kì í ṣe gbogbo mémórì ni bọ́ọ̀dù ń gbà. Ohun tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ìran-ìran ni wọ́n ń ṣe é: oní-wáànù ni àkọ́kọ́, oní-tù tẹ̀ lé e, oní-tírì tún dé lẹ́yìn wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí wọ́n ti gé e wọnú díẹ̀, ihò orí bọ́ọ̀dù sì ní èèkàn kékeré kan tó bá ojú gígé náà mu. Bí o bá mú oní-tírì fún bọ́ọ̀dù oní-tù, kò ní wọlé. Bí o bá sì fi agídí tẹ̀ ẹ́, o ti ba méjèèjì jẹ́ nìyẹn. Èyí tó bá wọlé pàápàá, ọ̀rọ̀ eré tún kù. Mémórì kan yára, òmíràn lọ́ra. Bí o bá fi méjèèjì sínú ẹ̀rọ kan, bọ́ọ̀dù á fa èyí tó yára sẹ́yìn, á ní kí ó máa bá èyí tó lọ́ra lọ. Àwọn bọ́ọ̀dù mìíràn kò tilẹ̀ ní gbà kí wọ́n jọ gbé inú ilé kan. Ẹ̀rọ náà á máa ṣiṣẹ́ lọ, lójijì á kú mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ràṣídì ló mọ ìwà wọn jù. Èmi lè fọwọ́ yára ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n òun ní sùúrù. Bí oníbàárà bá sáré wọlé pé kí a ta mémórì fún òun, á ní, "Ẹ jẹ́ ká rí bọ́ọ̀dù náà ná." Á wọ awò rẹ̀, á fẹ́ eruku kúrò, á máa ka lẹ́tà wínníwínní ara bọ́ọ̀dù bí ẹni ń ka Kùránì, ẹnu rẹ̀ á máa mì. Àwọn mìíràn á bínú lọ síbòmíràn. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń padà wá, ẹ̀rọ wọn á ti máa ké.

Ìparí ọdún ni iṣẹ́ pọ̀ jù. Àwọn tó ń tẹ ìwé ètò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà kì í sinmi, ẹ̀rọ wọn náà kì í sinmi. A óò tú àpótí sílẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin olówùú á gbé ìjókòó tirẹ̀ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àyè lè gbà wá. Bí Iléyá bá dé, Ràṣídì á gbé ẹran wá fún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó bá di Kérésì, ìyàwó mi á gbé ìrẹsì wá. A máa ń jẹun láàárín bọ́ọ̀dù àti wáyà, Ràṣídì á máa kígbe pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ọbẹ̀ sí mémórì òun. Lónìí, ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Télọ̀ ti kú. Obìnrin olówùú ti tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ sí Àbújá. Àwọn tó gba àyè wọn kò mọ orúkọ mi. "Bàbá" ni wọ́n ń pè mí, kí wọ́n tó padà sídìí fóònù wọn.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni Màmá Tìṣà ti Oǹdó. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í pẹ́ dé ìsìn. Owó ìfẹ̀yìntì wọn ni wọ́n fi ṣí iléèwé kọ̀ǹpútà kékeré kan ní yàrá iwájú ilé wọn. Àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì ni wọ́n ń kọ́, nítorí ìdánwò ti di ohun tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ kòkó kò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Màmá kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ní. Wọ́n á ní kí ó mú iṣu wá nígbà tó bá wu bàbá rẹ̀.

Lọ́dún kan, ètò ìdánrawò tí àwọn ọmọ ń lò lórí kọ̀ǹpútà yí padà, tuntun náà sì fẹ́ mémórì púpọ̀. Gbogbo ẹ̀rọ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí wa gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ràṣídì tú u, ó wo bọ́ọ̀dù rẹ̀, a wá mémórì tó bá a mu, a dì wọ́n, a wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Ìgbà tí a débẹ̀ ni ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Páànù ẹ̀yìn àwọn ẹ̀rọ náà rí bákan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó tà wọ́n fún Màmá ti kó oríṣiríṣi bọ́ọ̀dù sínú wọn. A ki mémórì bọ èyí àkọ́kọ́, ó dún kín. A ki i bọ èyí tó tẹ̀ lé e, ó figbe ta. Àwọn ọmọ tí wọ́n kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú.

Màmá wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràṣídì, wọ́n ní, "Ràṣídì ọmọ mi, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́, Màmá. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà ni."

"Kí la óò wá ṣe? Ìdánwò àwọn ọmọ wọ̀nyí ti dé tán."

Ràṣídì wo yàrá náà yíká. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tú gbogbo wọn."

A tú gbogbo wọn. A yọ mémórì gbogbo ẹ̀rọ, a tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun kan tí Màmá yọ nínú àpótí. Ràṣídì ń rìn láti ìdí bọ́ọ̀dù kan dé òmíràn, ó ń pe èyí tó fẹ́, èmi ń gbé e fún un. Ó ń fi èyí tó lọ́ra sọ́dọ̀ èyí tó lọ́ra, kí wọ́n má baà fa èyí tó yára sẹ́yìn. Ibi tí kò bá ti sí ọ̀nà, á dà wọ́n pọ̀, á dúró tì í, á máa wò ó bóyá á kú. Màmá gúnyán, wọ́n pè wá títí, Ràṣídì ní òun ń bọ̀, kò wá. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ méjì la fi tọrẹ. A yọ inú wọn fún àwọn yòókù. Màmá wá ní kí àwọn ọmọ jókòó, kí wọ́n tan gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kín, kín, kín, yíká yàrá. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Màmá kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n bojú wo fèrèsé, wọ́n ń fi etí aṣọ nu ojú. Nígbà tí à ń padà bọ̀, Ràṣídì sùn lé mi léjìká títí a fi dé Àkúrẹ́.

Ká ní ibẹ̀ ni ó parí sí, ǹ bá dákẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ètò tuntun tún dé, tí wọ́n tún fẹ́ mémórì tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A padà lọ sí Oǹdó. Ràṣídì yẹ bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan wò. Ó jókòó, ó bọ́ awò rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, wọ́n ti yó. Bọ́ọ̀dù wọ̀nyí kò lè gbà ju èyí tó wà nínú wọn lọ."

Màmá ní, "Ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀dù wọn nígbà náà."

"Bí a bá pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, mémórì tó wà níbí kò ní wọ tuntun. Ohun tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà kò ní wọ̀ ọ́. Gbogbo rẹ̀ pátá la óò rà."

Màmá ní, "Ṣé kò sí mémórì irú ti àtijọ́ yìí tó tóbi díẹ̀ sí i?"

"Wọn kò ṣe é mọ́, Màmá."

Màmá dìde, wọ́n lọ bu omi wá fún wa. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ti ń dín kù. Àwọn tí òbí wọn ní owó lọ síbi tí ẹ̀rọ tuntun wà. Àwọn tí kò ní kò lọ síbì kankan. Wọ́n ń wá fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń jókòó níwájú ẹ̀rọ tó ń ronú títí àkókò á fi pé, lẹ́yìn náà wọn kò wá mọ́. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Ó ń ta epo bẹntiróòlù inú ike lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ báyìí. Ó máa ń kí mi bí mo bá ń kọjá.

Nígbà tí Màmá fẹ́ ti iléèwé náà pa, wọ́n ránṣẹ́ pè wá kí a wá wò ó bóyá ohun kan wà tí a lè kó. A bá àwọn tó ń ra irin àlòkù lágbàálá Màmá. Òòlù ni wọ́n fi ń ṣí àwọn àpótí náà. Wọ́n ń fa wáyà yọ, wọ́n ń ya bọ́ọ̀dù sọ́tọ̀ nítorí bàbà inú rẹ̀, mémórì fọ́n ká sílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ràṣídì ní, "Ẹ rọra." Ọ̀kan nínú wọn wò ó, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti di páǹtí." Kò fi àrífín sọ ọ́. Òótọ́ ló sọ. Màmá jókòó sórí ìjókòó kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ọdún yẹn kò tíì pé tí a fi lọ sìnkú Màmá.

Ojú Ràṣídì ti ń ṣú nígbà náà, kò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni. Mo rí i pé ó ti ń gbé bọ́ọ̀dù sún mọ́ imú. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà, wọ́n ní ohun tó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ kò lè padà mọ́. Síbẹ̀ ó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó rẹ̀ á fà á lọ́wọ́ wá láàárọ̀, á jókòó sídìí tábìlì, á máa fi ìka wá ojú gígé ara mémórì, á sì sọ fún mi bóyá oní-tù ni tàbí oní-tírì. Kò ṣì í. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń gbé ẹ̀rọ wá? Ọ̀sẹ̀ lè parí kí ẹnikẹ́ni má yà sọ́dọ̀ wa àfi ẹni tó fẹ́ ra wáyà tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Múnírátù, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wá kí i. Ó gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ́wọ́, pẹlẹbẹ báyìí bí ìwé. Ó ní ó ti ń lọ́ra. Inú Ràṣídì dùn débi pé ó dìde dúró.

Ó ní, "Mémórì ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa tú u."

Mo tú u. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé tú. Gọ́ọ̀mù ló so àwọn ibì kan pọ̀. Mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń rọra fi ìka lọ láti etí kan dé ìkejì. Ó padà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni ihò mémórì wà?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Báwo ni kò ṣe ní sí? Níbo ni mémórì náà wà?"

"Wọ́n ti fi òjé jó o mọ́ bọ́ọ̀dù láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Kò ṣeé yọ."

"Kò ṣeé fi kún?"

"Kò ṣeé fi kún."

Múnírátù ní, "Bàbá mi, ẹ má wulẹ̀ dààmú. Wọ́n ti sọ fún mi níbi iṣẹ́ pé kí n kúkú ra òmíràn." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ó sì di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Ràṣídì ní ó dáa. Ó ní kí n dè é padà. Nígbà tí mo ń dè é, ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń yí síkúrúdiráífà. Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ kò fà á wá. Mo lọ wò ó nílé. Ó ní kò rẹ òun, òun kàn fẹ́ sinmi.

Ó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. A ń sọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa orúnkún mi, nípa àwọn ọmọ ọmọ. Kò béèrè ṣọ́ọ̀bù rí. Èmi náà kò mẹ́nu kàn án. Ẹ lè rò pé ọjọ́ kan á dé tí àwọn èèyàn á tún máa tún nǹkan ṣe dípò kí wọ́n máa jù ú nù. Mo ti retí ọjọ́ náà. N kò retí rẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá bá mi. Ọmọ tó mọ̀wàá hù ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà kó máa fi ṣe pí-ó-ẹ́ẹ̀sì, kí àwọn ará ọjà lè máa gba owó lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní kò burú. A jọ wọlé kí ó lè wo bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ó rí àwọn bọ́ọ̀dù tí mo tò sí ara ògiri, àti mémórì tó kún inú àpótí sábẹ́ tábìlì.

Ó ní, "Bàbá, kí la óò ṣe sí ìwọ̀nyí? Ṣé ẹ máa kó wọn lọ ni?"

Mo ní kó bá mi pe àwọn tó ń ra irin àlòkù.

Ó ní kí n kọ́kọ́ mú èyí tó bá wù mí nínú wọn. Mo wò wọ́n, n kò mú ọ̀kankan. Lẹ́yìn náà mo jáde síta, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́.